Eérú Dúdú Orí Koríko Odò

Nínú ilé wa ní Boukoki, ohun méjì ni ọmọdé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn láìfọ ọwọ́: ìdì aṣọ tí ìyá mi ń tà, àti koríko aláìsàn tí bàbá mi kó jọ. Ti aṣọ yé gbogbo ayé. Ti koríko ni kò yé ẹnikẹ́ni. Bí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń tajà ní Niamey bá wá kí wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọn á yọjú wo yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń dáná, wọn á rí ewé gbígbẹ nínú ìwé ìròyìn àtijọ́, tí a tò lérí ara wọn láti ilẹ̀ dé ojú fèrèsé, wọn á sì yíjú sí bàbá mi bí ẹni tó fẹ́ bá a kẹ́dùn. Wọ́n sọ ọ́ ní Ọ̀gá Aláìsàn Koríko. Bàbá mi á rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ni nílé ẹ̀kọ́ gíga tó wà lápá Harobanda, ó sì máa ń sọ pé oyè tí àwọn oníṣòwò fún òun dára ju èyí tí wọ́n fún òun níbi iṣẹ́ lọ.

Ariwo ilé wa kò yàtọ̀ sí ti ilé yòókù ládùúgbò. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àwọn ọmọ kéú tó wà lẹ́yìn ògiri wa á ti máa ka wàláà wọn, ohùn alùfáà á máa gorí tiwọn. Àwọn Zarma tí a jọ ń gbé á bẹ̀rẹ̀ sí í gún jéró, odó wọn á máa dún títí oòrùn á fi mú. Ìyá mi ní tirẹ̀ á máa tú aṣọ, á máa gbọ̀n ọ́n, á máa fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a kí eruku lè kúrò lára rẹ̀, á sì tún máa ká a padà. Kòkó jéró la máa ń mu láàárọ̀, pẹ̀lú wàrà tí àwọn Fúlàní bá gbé wá. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ìrẹsì ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ tí ìyá mi máa ń sè bí ẹni tó ń bá ata jà. Iṣẹ́ tèmi ni ilẹ̀ gbígbá, abọ́ fífọ̀, àti ìwé pípààrọ̀. Ìwé pípààrọ̀ yìí ni ọmọ ẹlòmíràn kì í ṣe. Bí bàbá mi bá já ewé tútù wálé, á tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, á fi pákó méjì há a, á gbé òkúta lé e. Ìwé á máa fa omi ara ewé. Lójoojúmọ́ ni mo ní láti yọ ìwé tó ti tutù, kí n lọ sá a sórí okùn, kí n sì fi èyí tó gbẹ rọ́pò rẹ̀, títí ewé á fi gbẹ táútáú. Mo kórìíra iṣẹ́ náà nítorí pé ó máa ń bá àkókò eré mi pàdé, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ẹnu iṣẹ́ náà nìkan ni bàbá mi ti máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹbí ló máa ń sọ. Ó ní olú tí wọ́n ń sè lọ́bẹ̀ nílé wa ní Nàìjíríà, ohun tó máa ń bo búrẹ́dì nígbà tó bá bu, àti eérú dúdú tó máa ń jẹ orí jéró nínú oko, ẹbí ńlá kan ni gbogbo wọn. Ó ní wọn kì í ṣe ewé, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣe ẹran, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá tọpa ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá, wọ́n bá àwa èèyàn tan ju bí wọ́n ṣe bá koríko tí wọ́n ń gbé lára rẹ̀ tan lọ. Àǹtí rẹ̀ àgbà tó ń gbé pẹ̀lú wa, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, gbọ́ eléyìí lórí ẹní tó jókòó sí. "Ìwọ lo bá olú tan," ni ó wí. "Èmi mọ ìyá tó bí mi lọ́mọ." Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo rántí ẹ̀rín náà dáadáa, nítorí ọdún yẹn ni mo gbọ́ ọ kẹ́yìn.

Ó ṣàlàyé fún mi pé ojú ni àwọn tó ṣáájú òun lẹ́nu iṣẹ́ náà fi ń pín wọn sí ẹbí ẹbí. Wọ́n á wo àwọ̀ eérú náà, wọ́n á gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, wọ́n á wò ó bóyá ara hóró rẹ̀ ń dán tàbí ó ní ẹ̀gún, bóyá wọ́n so mọ́ra tàbí oníkálukú dá wà. Èyí tó bá jọra, ẹbí ni. Ó ní ọ̀nà yẹn kò burú, ṣùgbọ́n ó máa ń tan èèyàn jẹ. Bí ohun méjì tí kò bára wọn tan bá ń jẹ oúnjẹ kan náà, tí wọ́n ń gbé irú ibì kan náà, bó pẹ́ bó yá, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jọra. Ó nawọ́ sí mi. "Wo ara rẹ," ni ó wí. "Bí o bá ń sọ Zarma pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, ta ló máa mọ̀ pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ẹ́?" Ó ní àwọn kan ti wà nílẹ̀ òkèèrè báyìí tí wọn kì í wo ojú mọ́, ohun tí ọmọ jogún láti ara òbí, tó wà nínú hóró yẹn lọ́hùn-ún, ni wọ́n máa ń kà. Bó ṣe ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ ń dán bí ti ọmọdé tó ń retí ọdún Iléyá.

Ohun tó ń wá nìyí. Létí odò Ọya, nísàlẹ̀ Yantala, koríko kan wà tó máa ń hù nínú omi, wọ́n ń pè é ní búrúgù. Wọ́n ń gé e fún màlúù. Ọkùnrin Zarma kan tó ń jẹ́ Hamidu ló ń gé ti apá ibẹ̀, òun ló sì máa ń fi ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ gbé èmi àti bàbá mi wọ àárín koríko náà lọ́jọ́ Àìkú. "Fofo, Musé," ni yóò kí bàbá mi, nítorí Musé ni wọ́n ń pe olùkọ́ níbẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé eérú dúdú tó wà lórí búrúgù òun ń mú kí màlúù máa sín. Nínú gbogbo ìwé tí bàbá mi kà, wọ́n ti kọ ọ́ pé eérú orí búrúgù yìí àti ti orí jéró, ọ̀kan náà ni wọ́n. Bàbá mi ní rárá. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo méjèèjì lábẹ́ awò rẹ̀. Ó ní ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni ti búrúgù, pé kò sí ẹni tó tíì sọ ọ́ lórúkọ rí láyé. Ṣùgbọ́n ẹnu lásán kò tó. Ó ní láti fi ewé náà gan-an ránṣẹ́ sókè òkun kí wọ́n ka ohun àjogúnbá rẹ̀, kí wọ́n sì tọ́jú ewé kan sí ibi tí gbogbo ayé mọ̀, tí ẹnikẹ́ni tó bá ṣiyèméjì lè lọ wò ó. Orí ewé kan ṣoṣo yẹn ni orúkọ náà á dúró lé. Bí kò bá sí ewé, kò sí orúkọ. Wọ́n ti gbà láti bá a kà á lẹ́yìn òjò ọdún yẹn. Bàbá mi kò bèèrè ohun mìíràn lọ́wọ́ ayé. Kò fẹ́ ọkọ̀, kò fẹ́ ipò, orúkọ kan ló fẹ́ sọ.

Ìrìn àjò ló mú un kúrò nílé lọ́sẹ̀ tí òjò ńlá dé. Òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ sí ọ̀nà Dosso láti wo oko jéró. Kó tó lọ, ó ti já búrúgù tútù kún ti tẹ́lẹ̀, ó sì tò wọ́n sórí àwọn tó ti gbẹ. Ọ̀sán ni atẹ́gùn eléruku pupa kan dìde, tí ojú ọ̀run ṣú, tí a kò ríran mọ́ nínú ilé. Ẹni tó bá gbé Niamey mọ̀ pé lẹ́yìn eruku yẹn, òjò ni. Òrùlé wa sì ń jò. Ìyá mi kò bẹ̀rù. Gbogbo oníṣòwò aṣọ tó ti ọ̀dọ̀ wa wá ló mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: wọ́n á fi náílọ̀n we ìdì aṣọ, wọ́n á jókòó lé e kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, wọ́n á fi okùn dì í pinpin, wọ́n á tún fi náílọ̀n mìíràn we é. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ, ìyá ìyá rẹ̀ ló kọ́ ìyẹn. Òjò ayé kan kò kan aṣọ tí ìyá mi bá dì. Nígbà tó parí ti aṣọ, ó dúró, ó wo ẹnu ọ̀nà yàrá ewé.

"Ràfátù, mú náílọ̀n tó kù wá," ni ó wí fún mi.

"Màmá, ti Bàbá ńkọ́?"

"Ti Bàbá ni mo fẹ́ dì. Wallahi, bí omi bá kan nǹkan yìí, bàbá rẹ á kú."

Ó dì wọ́n gẹ́gẹ́ bó ṣe ń di aṣọ. Ó to tútù mọ́ gbígbẹ, ó jókòó lé wọn, ó fún okùn náà títí iṣan ọwọ́ rẹ̀ fi yọ. Ìyá Àgbà ń ṣàdúrà fún un láti orí ẹní. Aṣọ gbígbẹ ni wọ́n ń dì nílé wọn látayébáyé, aṣọ kì í ní omi nínú. Òjò tó ń bọ̀ láti òkè ni gbogbo wa ń sá fún, kò sí ẹni tó rántí omi tó wà nínú ewé, títí kan èmi tí mò ń pààrọ̀ ìwé lójoojúmọ́. Òjò náà rọ̀, ó tún rọ̀, omi gé ọ̀nà Dosso, bàbá mi kò sì lè padà bọ̀rọ̀. Ooru tẹ̀ lé òjò náà, irú ooru tí ń mú kí aṣọ lẹ̀ mọ́ni lára. Àwọn ìdì yẹn wà nínú yàrá, wọ́n dúró gbọnyin.

Nígbà tí bàbá mi dé, ìyá mi kò tilẹ̀ jẹ́ kó bọ́ bàtà. "Bàbá Ràfátù, ẹ máa bọ̀," ni ó wí, ẹ̀rín sì kún ẹnu rẹ̀. "Òrùlé jò, àmọ́ mo bá yín dì wọ́n. Ẹ̀kán omi kan ò kàn wọ́n." Mo rí ojú bàbá mi. Ó wo ìyá mi pẹ́, lẹ́yìn náà ó wọ yàrá. Èmi náà tẹ̀ lé e wọlé, mo sì rí i bó ṣe ń gé okùn. Ohun funfun kan àti ohun àwọ̀ ewé kan ti bo gbogbo rẹ̀, ó rí bí irun, ó ti jẹ ìwé, ó ti jẹ ewé, ó sì ti jẹ eérú dúdú náà. Olú ilé ti jẹ olú odò. Bàbá mi ṣí ìdì kìn-ín-ní, ó ṣí ìkejì. Nígbà tó ṣí gbogbo wọn tán, ó fara ti ògiri, ó di ojú rẹ̀. Èémí rẹ̀ ni mo ń gbọ́. Lẹ́yìn náà ó tún wọn wé bó ṣe bá wọn, ó jáde, ó ti ilẹ̀kùn. Ó wí fún ìyá mi pé, "O ṣeun, Ìyá Ràfátù. O gbà mí." Ó jókòó, ó sì jẹ ìrẹsì rẹ̀ tán.

Ó ṣa èyí tó sàn díẹ̀ nínú wọn, ó fi rán ẹnì kan tó ń lọ sókè òkun. A bẹ̀rẹ̀ sí í retí. Ìyá mi ń fi kún àdúrà rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ìrun, ó ń sọ orúkọ búrúgù fún Ọlọ́run bí ẹni ń sọ orúkọ ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Lẹ́yìn ìrun Alásàrì lọ́jọ́ kan, fóònù dún. Etí bàbá mi kan kò gbọ́ dáadáa mọ́ nígbà náà, nítorí náà ó máa ń jẹ́ kí fóònù ké síta. Faransé ni ẹni náà ń sọ. Ìyá mi kò gbọ́ Faransé ju iye tó nílò nídìí ọjà lọ, Ìyá Àgbà kò gbọ́ rárá. Èmi gbọ́, ilé ìwé Faransé ni mò ń lọ. Ọkùnrin náà ní ó dun òun gan-an. Ó ní ohun kan ṣoṣo tí àwọn rí kà lára ewé náà ni irú èyí tó máa ń bo búrẹ́dì nínú ilé gbogbo èèyàn. Ó ní ti ewé náà fúnra rẹ̀ ti parẹ́. Ó bi í bóyá ó lè wá òmíràn.

Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó pa fóònù náà. Ìyá mi ti dìde dúró.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ó ti ní orúkọ tẹ́lẹ̀," ni bàbá mi dáhùn. "Wọ́n ní ọ̀kan náà ni òun àti ti jéró. Èmi ni mo ṣì í."

"Ẹ̀yin? Ẹ ṣì í?"

"Mo ṣì í. Ó parí."

Ó wá yíjú sí mi. Ó mọ̀ pé mo gbọ́. Mo wo ilẹ̀, a kò sì sọ ọ́ mọ́ láàárín ara wa fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ọ̀rọ̀ náà tàn láàárín àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ pé Ọ̀gá Aláìsàn Koríko ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lé ohun tí kò sí. Àwọn tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀ wá ń ṣàánú rẹ̀, ó sì dun ni ju yẹ̀yẹ́ lọ. Ó jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, á gba takisí lọ sí etí odò láti wá òmíràn. Ibi tí Hamidu ti ń gé búrúgù, wọ́n ti kó iyanrìn dí i, wọ́n ń kọ́lé sórí rẹ̀. Ó gba òkè odò lọ, ó gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ. Búrúgù tó ń rí mọ́ tónítóní, ara rẹ̀ le, orí rẹ̀ ń dán. N kò tíì rí ẹlòmíràn tí inú rẹ̀ ń bà jẹ́ nítorí pé koríko kò ṣàìsàn. Á gbé e wálé náà, á tẹ́ ẹ sáàárín ìwé, èmi á sì máa pààrọ̀ ìwé ewé tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó yá, kò gbé e wálé mọ́. Kò sọ̀rọ̀ ẹbí mọ́. Ilé wa, tí ariwo kì í tán nínú rẹ̀, wá di ibi tí èèyàn ti ń gbọ́ ìró ṣíbí nínú abọ́. Ní òjò ọdún tó tẹ̀ lé e, ìyá mi kò di aṣọ rẹ̀ ní náílọ̀n. Omi wọ inú púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìyá Àgbà bú u, ó bi í bóyá orí rẹ̀ dá pé. Ìyá mi ní ó rẹ òun ni.

Mo dàgbà, mo kúrò nílé, mo ń ṣiṣẹ́ nílé báǹkì. Lọ́jọ́ kan mo wo fóònù mi, mo kọ orúkọ koríko náà sí i bí mo ṣe máa ń ṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti rí eérú orí rẹ̀. Àwọn ará orílẹ̀-èdè mìíràn ni, létí odò mìíràn. Wọ́n ti ka ohun àjogúnbá rẹ̀, wọ́n ti ya ìdílé rẹ̀ bí igi ẹlẹ́ka, ẹ̀ka tirẹ̀ sì jìnnà réré sí ti jéró. Ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni. Wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Àìsàn ti dá bàbá mi dùbúlẹ̀ nígbà náà. Mo lọ bá a, mo gbé fóònù náà sí iwájú rẹ̀. Ó wò ó pẹ́, ìka rẹ̀ ń tọ ẹ̀ka igi náà bọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀," ni ó wí.

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n pe Màmá kí wọ́n wá wò ó."

Ó di ọwọ́ mi mú. Agbára kò sí nínú ọwọ́ náà mọ́, síbẹ̀ ó dùn mí. "Má sọ fún ìyá rẹ," ni ó wí. "Bó bá gbọ́ pé mi ò ṣì í, á bèèrè ohun tó ba ewé yẹn jẹ́." Ó yíjú sí ògiri. Bí a ṣe sin òtítọ́ rẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn, kí á tó sin òun fúnra rẹ̀. Inú bí mi sí i nígbà náà, inú sì tún ń bí mi títí di òní. Ọkùnrin kan gbà kí wọ́n máa pe òun ní aláṣìṣe títí ó fi kú, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó jàǹfààní rẹ̀.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, tí àwọn àlejò ti lọ, èmi àti ìyá mi ń fọ ìkòkò tí a yá. N kò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo ní, "Màmá, Bàbá ò ṣì í."

Ìyá mi kò gbójú sókè. "Mo mọ̀."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ọjọ́ kejì tí wọ́n dé láti Dosso, wọ́n jáde, mo wọlé lọ gbálẹ̀ yàrá yẹn. Ràfátù, aṣọ ni mò ń tà. Ṣé èmi ni n ò ní mọ òórùn ohun tó bu nínú náílọ̀n?" Ó da omi nù, ó bu òmíràn. "Wọ́n parọ́ fún mi kí n lè sùn. Èmi náà ń ṣe bí ẹni tó ń sùn kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Kò sí èyí tó sùn nínú àwa méjèèjì."

A fọ ìkòkò náà títí. Nígbà tó yá, ó bi mí ní ohun tí mo rò pé òun ló yẹ kó mọ̀. Ó ní, "Orúkọ wo ni bàbá rẹ fẹ́ sọ eérú yẹn?"

"Mo rò pé wọ́n sọ ọ́ fún yín."

"Mo bèèrè títí," ni ìyá mi wí. "Wọ́n ní a kì í dárúkọ ọmọ kó tó di ọjọ́ ìkómọ. Mo rò pé wọ́n á ti sọ ọ́ fún ọ nígbà tí ẹ jọ ń pààrọ̀ ìwé."

Bàbá mi kò sọ ọ́ fún mi. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.